Ta Ni À Ń Tan Iná Fún?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ àtùpà ni. Ẹnìkan lè wí pé: "Kí ló kan olùkọ́ kan àtùpà? Ṣebí kí iná ṣáà ti tàn ni?" Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ pé ojú ni ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá kan ojú ọmọ, ó kan olùkọ́ ọmọ.

Ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní ìlú Àbíjàn, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Bàbá Àbíjàn ni gbogbo ẹbí ń pè é, Ìyá Àbíjàn ni a sì ń pe ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìlú Èjìgbò yóò mọ̀ bí àwọn ènìyàn wa ti pọ̀ tó lọ́hùn-ún. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Ọkọ̀ a gbéra láti Èjìgbò, a gba ilẹ̀ Benin, ilẹ̀ Togo àti ilẹ̀ Ghana kọjá kí ó tó dé ọ̀hún. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá, àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀ sì ń sọ Faransé bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ.

Ilé Bàbá Àbíjàn wà ní Treichville, kò jìnnà sí ọ̀sà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ènìyàn lè dúró sí etí omi kí ó máa wo iná àwọn ilé gogoro Plateau ní òdìkejì, bí wọ́n ti ń tàn yòò lójú omi. Nínú ilé náà pẹ̀lú, iná kò wọ́n. Ní àárín pálọ̀ ni àtùpà ńlá kan ti ń rọ̀ láti òkè àjà. Gílóòbù méjìlá ni ó wà lára rẹ̀, gíláàsì wẹ́wẹ́ sì rọ̀ yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó tuntun. Ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ń ṣèpàdé nìkan ni wọ́n ń tàn án. Àwọn àlejò a gbójú sókè, wọn a ní: "Háà, Bàbá, ẹ mà gbayì o!" Bàbá Àbíjàn a sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé náà kì í kàwé ní pálọ̀. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti ń kàwé, lórí tábìlì onípákó kan. Gílóòbù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó wà ní ìhòhò, ó ń fì dirodiro lẹ́nu wáyà rẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá kan wà láàárín àwọn ọmọ náà. Mo ṣàkíyèsí pé bí ó bá ti jókòó ti ìwé, ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò níwájú orí rẹ̀, bí ẹni tí ń wo ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn ọ̀sán. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ìwé rẹ̀ a sì máa yẹ̀ lábẹ́ kálàmù. Ìròyìn tí ó ń ti ilé-ìwé wá ni pé aláìfarabalẹ̀ ni, pé kì í da ìṣirò kọ bí ó ti wà lójú pátákó. Mo bi í léèrè ohun tí ó fà á tí ó fi ń bojú. Ó dá mi lóhùn pé: "Bùọ̀dá, iná yẹn ń gún mi lójú."

Báyìí ni nǹkan rí tí Ìyá Àbíjàn fi ra àtùpà kan bọ̀ láti ọjà lọ́jọ́ kan. Aṣọ ni ó ń tà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í wò lọ́jà. Àárín ẹrù ilé òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó ti rí i. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, ó funfun bí wàrà. Ìbòrí mẹ́ta ni a tò lé ara wọn: ti òkè ni ó tóbi jù, ti àárín tẹ̀ lé e, ti ìsàlẹ̀ sì kéré bí àwo ọbẹ̀. Etí ọ̀kan ti ṣẹ́ díẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi tà á fún un ní ọ̀pọ̀. Ó ní kí oníṣẹ́ iná so ó kọ́ sí òkè tábìlì àwọn ọmọ, kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ju ìgbọ̀nwọ́ kan àti díẹ̀ lọ sí ojú tábìlì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọmọkùnrin yẹn gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò níwájú orí. Ó fi di ìwé mú. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ó mú kí n fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Mo wádìí orúkọ tí a kọ sí ara àtùpà náà, mo sì kà nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Poul Henningsen ni, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tí a bí ní 1894 tí ó sì kú ní 1967. Ayàwòrán ilé ni, ó sì tún jẹ́ òǹkọ̀wé tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ilé tí wọ́n ti ń tan àtùpà elépo ni ó ti dàgbà, iná irú àtùpà bẹ́ẹ̀ a sì máa tutù sí ojú. Nígbà tí iná mànàmáná wá gbòde, ó rí i pé ilé mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn kò gbádùn mọ́, nítorí gílóòbù ìhòhò ni wọ́n ń fi kọ́ sí òkè orí ara wọn. Ó pinnu pé òun yóò wá bí iná tuntun yóò ṣe tutù bí ti àtijọ́. Òun àti ilé-iṣẹ́ Louis Poulsen jọ ṣiṣẹ́ náà. Ní 1925 wọ́n gbé àtùpà wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá ìlú Paris, wọ́n sì gba ẹ̀bùn níbẹ̀. Ní 1926 ni àtùpà oníbòrí mẹ́ta náà jáde. Ó ti lé ní ọ̀gọ́rùn-ún ọdún nísinsin yìí tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò tíì yé ṣe irú àtùpà náà.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Èkíní, gílóòbù fara pa mọ́ sáàárín àwọn ìbòrí náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì kò fi lè rí i sójú kòrókòró. Èkejì, ìbòrí kọ̀ọ̀kan ni a tẹ̀ kọrọdọ gẹ́gẹ́ bí ìlà tí ó ká lára ìkarahun ìgbín, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sára rẹ̀ lọ́nà kan náà níbi gbogbo. Láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń dà sílẹ̀ sórí tábìlì, tí ó sì ń tàn kálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú yàrá. Ẹ̀kẹta, ẹnu ni a fi ń fẹ́ gíláàsì náà, a sì ń fi ìpele funfun sáàárín gíláàsì mímọ́ gaara. Òde rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n a ti fi yanrìn họ inú rẹ̀ kí ó má baà máa kọ mànà. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ń la gíláàsì náà kọjá lọ sókè, kí òkè àjà má baà ṣókùnkùn biribiri. Nígbà tí ó di 1958, Henningsen ṣe òmíràn tí a fi irin pẹlẹbẹ ṣe, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà. Títí di òní ni irú èyí ń rọ̀ ní òkè tábìlì oúnjẹ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Denmark.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olótùútù ni gbogbo èyí. Lóòótọ́, ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Copenhagen títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀ òwúrọ̀, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ka ọ̀rọ̀ àtùpà sí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro tiwa wò. Ní Àbíjàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, nǹkan bí aago mẹ́fà sí aago méje ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ yí ọdún po. Ọmọ tí ó bá ti ilé-ìwé dé, tí ó bá ìyá rẹ̀ pọn omi tàbí tí ó kiri ọjà díẹ̀, òkùnkùn ni yóò fi ka ìwé rẹ̀ lóṣù méjèèjìlá. Tiwọn a máa dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Tiwa kì í dín kù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìtàn mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣèpàdé ní ilé Bàbá Àbíjàn. Bí wọ́n ti ń gba yàrá ẹ̀yìn kọjá lọ wẹwọ́, àgbà kan tí ó ga fi orí gbá àtùpà tuntun náà díẹ̀. Kò farapa, ṣùgbọ́n ó ní: "Kí ni èyí? Ṣé àjà ilé yìí ti jìn ni tí àtùpà fi ń wọ́lẹ̀ báyìí?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn mú ọ̀rọ̀ fìtílà àti òṣùwọ̀n inú Ìwé Mímọ́ jáde, ó ní ẹni tí ó bá fi ìbòrí mẹ́ta bo iná ti tẹ àṣẹ lójú. Ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ Bàbá Àbíjàn nínú. Ó ní kí a gbé àtùpà náà lọ sí òkè pátápátá, kí ó lẹ̀ mọ́ àjà, kí ojú gbogbo ènìyàn lè tó o.

Ìyá Àbíjàn ní: "Bàbá, àwọn ọmọ ń fi kàwé o." Bàbá kọjú sí mi, ó ní: "Ìwọ tí o ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí ni o rí sí i?"

Mo wo àwọn àgbà yí ká. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: "Bí ẹ bá ti wí náà ni, Bàbá."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìdáhùn yẹn ń dùn mí títí di òní olónìí. Wọ́n gbé àtùpà náà sókè. Láti òkè ibẹ̀, bí ọmọ bá gbé ojú kúrò lórí ìwé, abẹ́ àtùpà ni ojú rẹ̀ ń lọ tààrà, iná a sì tún máa gún un. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dà sórí tábìlì tẹ́lẹ̀ wá tú káàkiri ara ògiri. Kí n tó kúrò ní Àbíjàn, ọwọ́ òsì ọmọkùnrin yẹn ti padà sí iwájú orí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí n fi ọ̀wọ̀ sọ lọ́jọ́ náà ni mo wá ń kọ sílẹ̀ báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àtùpà tí ó dára kọ́ ni èyí tí ó ń fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tí ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni hàn ni. Bí a bá wọ ilé kan tí ó jẹ́ pé àtùpà ni a kọ́kọ́ rí, tí ojú wa sì ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé àlejò ni wọ́n tan iná náà fún. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ìwé, abọ́ ọbẹ̀ àti ojú ẹni tí a jọ jókòó ni a rí, ará ilé ni wọ́n tàn án fún. Èwo ni kí a fi ṣáájú nínú méjèèjì? Àlejò a máa lọ sí ilé rẹ̀. Ọmọ ni yóò jókòó sídìí tábìlì yẹn lọ́la àti lọ́túnla. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo bẹ̀ yín, bí ọmọ náà bá ta ilé, ǹjẹ́ kì í ṣe àti àtùpà olóríṣiríṣi gíláàsì ni yóò tà mọ́ ọn?

Ní ti ọ̀rọ̀ fìtílà àti òṣùwọ̀n, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé àgbà yẹn fo ìdajì ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Òṣùwọ̀n a máa pa ìmọ́lẹ̀ mọ́ kúrò lọ́dọ̀ ará ilé. Ìbòrí tí ó dára a máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ wá bá ará ilé. Gbogbo àwọn tí ó wà nínú ilé ni ẹ̀kọ́ náà ní kí ìmọ́lẹ̀ tàn fún, kò sì yọ àwọn ọmọ tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀.

Èmi náà mọ̀ pé ohun tí ó burú ju gílóòbù ìhòhò lọ ni kí iná má sí rárá. Nítorí náà ni mo fi yin ohun tí wọ́n ń ṣe ní Côte d'Ivoire. Ní 2014, ìjọba ibẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ pé kí iná lè kárí gbogbo ènìyàn: ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi 1,000 fráǹkì CFA bẹ̀rẹ̀, kí a fa iná wọ ilé rẹ̀, kí ó sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n iná tí a ti fi owó àti làálàá fà wọlé, ǹjẹ́ ó yẹ kí a wá fi máa gún ọmọ lójú?

Ẹlòmíràn yóò ní owó irú àtùpà Denmark yẹn ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Bí a bá ní kí a ra tuntun rẹ̀, yóò gba owó oṣù olùkọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, èmi kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó jẹ gbèsè nítorí àtùpà. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè láti fi orúkọ àtùpà ṣe fáàrí, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó so gílóòbù méjìlá kọ́ sí pálọ̀. Gíláàsì rẹ̀ ni a ń fi owó rà, ọ̀fẹ́ ni ọgbọ́n inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ gíláàsì jẹ́ ti òyìnbó nìkan. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì tiwọn, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ní 2017, Abidemi Babalola àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé irú èròjà tí ó wà nínú gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí ó fi hàn pé nílé ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ irú àwọn baba bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò lè ṣe ìbòrí fún àtùpà.

Kí ni a lè ṣe nígbà náà? Ẹ wo igbá fínfín Ọ̀yọ́. Bí a bá dojú irú rẹ̀ kan dé, tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀ fún wáyà, ìbòrí ti délé nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ tí ó fún dáadáa lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: gílóòbù ayé àtijọ́, èyí tí wáyà inú rẹ̀ ń pọ́n, a máa gbóná gan-an, ó sì lè jó igbá tàbí apẹ̀rẹ̀. Gílóòbù LED ni kí a lò. Èyí tí ó jẹ́ wátì 9 lè tàn bí ti àtijọ́ tí ó jẹ́ wátì 60, kò sì gbóná tó o. Kí a jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá wa so ó, kí a má fi ọwọ́ ara wa tọ́ wáyà. Kí a sọ ọ́ kalẹ̀ sí òkè tábìlì, ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn náà, kí a jókòó sórí àga tí ọmọ ń jókòó lé, kí a sì fi orí wa sí ibi tí orí ọmọ máa ń wà. Bí a bá ń rí gílóòbù láti ibẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà wá pé àlejò lè fi orí gbá a, kí a gbé tábìlì kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí a má gbé ìmọ́lẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Láìpẹ́, a óò pín wa kiri ilé-ìwé. A óò bá àwọn ọmọ tí kì í da ìṣirò kọ pàdé, àwọn tí ń fọwọ́ nu ojú láàárọ̀, àti àwọn tí a ti sọ fún wa pé aláìfarabalẹ̀ ni wọ́n. Kí a tó gbé ẹgba, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń kàwé lálẹ́, àti ibi tí iná wọn wà. Bí òbí wọn bá sì bi wá pé kí ni a rí sí i, kí a fi ọ̀wọ̀ sọ òótọ́. Kí a má ṣe bí mo ti ṣe ní Treichville.

Mo ti pinnu láti fi ẹ̀dà kan ìwé ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí Bàbá Àbíjàn. Mo mọ̀ pé yóò kà á, nítorí ó fẹ́ràn láti máa rí èdè wa nínú ìwé. Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má ṣe bínú sí ọmọ yín. Ẹ kàn jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n sọ àtùpà yẹn kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó jókòó kà á.